Àṣẹ Ọba Lórí Ìgbátí Inú Fíìmù Àtijọ́

Kángó! Kángó! Kángó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Àgbọn, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, ẹni tó ti jí àti ẹni tó ń díbọ́n pé òun ṣì ń sùn, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọ ẹnu, kó tu omi dànù. Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè ró. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sàmì síbi tí ìjà dé, kó padà síbẹ̀ tí mo bá lọ tán!

Èmi Òjélabí ni. Akéde ìlú. Ọmọ akéde. Ọmọọmọ akéde. Agogo tí ẹ ń gbọ́ yìí, ti bàbá bàbá mi ni. Ẹnu tí ẹ ń gbọ́ yìí, tèmi ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, kì í ṣe tèmi! Ẹ jẹ́ kí n tún un wí nítorí àwọn tó máa ń sọ òkò: kì í ṣe tèmi! Ààfin ló rán mi. Kábíyèsí, Onídìí-Àgbọn, ló fọwọ́ sí i. Olóyè Ọ̀tún ló dá a lábàá. Ọ̀gbẹ́ni Jóláoṣó, Akọ̀wé Ààfin, ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé náà rèé lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó. Ó funfun. Ó ní òǹtẹ̀. Ó ń ta sánsán lọ́fínńdà Akọ̀wé. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò ní: kò ní àmì ohùn. Akọ̀wé wa kàwé débi pé àmì orí ọ̀rọ̀ ń dí i lójú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo bá bá pàdé, èmi ni n ó fi ohùn sí i. Ẹ fọkàn balẹ̀! Láti ọjọ́ tó ti gorí àga ni mo ti ń bá a fohùn sí i, ìlú ò tíì jó. Apá kan ọjà nìkan ló jó.

Kángó!

ÀṢẸ KÌÍNÍ!

Ọ̀rọ̀ ọba, bó ṣe jáde ni kó wà! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ gé e kúrú. Wọn kò gbọdọ̀ fà á gùn. Wọn kò gbọdọ̀ tún un ṣe kó lè dùn. Ojúlówó ọ̀rọ̀ ọba, bó ṣe ti ẹnu jáde, ni kí ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ Ìdí-Àgbọn máa gbọ́ títí ayé!

Ìjìyà: akéde tó bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, wọn yóò gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò dé e sí i lórí bíi fìlà, wọn yóò sì máa lù ú láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ẹ ti gbọ́? Ẹ rántí rẹ̀ dáadáa. Ẹ bá mi dì í mú. Mi ò fi kún un! Mi ò yọ níbẹ̀!

ÀṢẸ KEJÌ!

Láti òwúrọ̀ yìí lọ, kò sí ẹni tó mọ fíìmù tí wọ́n ń pè ní *Adé Ò Ṣe É Yá*!

Ẹ má kùn. Mo ní kí ẹ má kùn! Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni.

Ẹ̀yin àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, ẹ súnmọ́ mi, kí n sọ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ mọ̀ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó máa gbàgbé. Fíìmù kan wà. Kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ó wà. Olóògbé Bàbá Ṣówándé, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ló yà á nílùú yìí, nígbà tí Kábíyèsí ṣì jẹ́ ọmọọba lásán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń kan ilẹ̀. Gbogbo ìlú ló wà nínú rẹ̀. Odò wa wà nínú rẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ odò, kí a tó sọ ọ́ di ààtàn. Igi àgbọn ńlá tí ìlú fi ń jẹ́ Ìdí-Àgbọn wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ, tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún ọba, tó gé e lulẹ̀, tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Àwọn òkú wa wà nínú rẹ̀, wọ́n ń rìn, wọ́n ń nájà, wọ́n ń ṣépè fún ara wọn.

Olè ewúrẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Olè náà ki ewúrẹ́ bọ abẹ́ agbádá. Ó ń yọ́ lọ. Ewúrẹ́ ké. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó rí i. Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé ariwo ni kó pa. Wọ́n sọ ọ́ fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbínú ewúrẹ́ wọ̀ ọ́ lára, ó gbàgbé pé eré ni. Ó fọ́ ọ létí: GBÒÀ! Fìlà olè fò. Olè ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ewúrẹ́ gorí rẹ̀. Bàbá Ṣówándé tó wà nídìí kámẹ́rà bú sẹ́rìn-ín: kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, bíi mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná. Ẹ̀rín náà wọnú fíìmù. Wọ́n ní kó gé e. Ó ní òun ò gé e. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ yẹn.

Olè ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ẹ wo ìtẹ́.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Múráínà onígbàjámọ̀, mo rí ọ! Fá orí oníbàárà rẹ tán kó o tó rẹ́rìn-ín, o ti fẹ́ gé e létí!

Nítorí náà, Olóyè Ọ̀tún ní àbùkù ni. Ó ní ọwọ́ ènìyàn kì í kan ojú ọba. Àwọn àgbà ní, Ọ̀tún, kò tíì jọba nígbà náà. Ọ̀tún ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni. Àwọn àgbà dákẹ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ń pa ni lẹ́nu mọ́.

Àṣẹ nìyí o: gbogbo ẹni tó bá ti wo fíìmù náà rí, kó wá sí ààfin lọ́la, kó wá gbàgbé. Kálukú kó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá. Olóyè Ọ̀tún ni yóò darí ètò ìgbàgbé. Yóò bi yín pé, kí lẹ rántí? Ẹ ó dáhùn pé, nípa kí ni? Yóò ní, ẹ ṣeun, ẹ máa lọ.

Ìjìyà: ẹni tó bá ṣì ń rántí, wọn yóò fi í joyè, kó lè máa jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Háà! Ẹ ti ń gbàgbé? Ẹ yára o!

ÀṢẸ KẸTA! Ẹ fetí sí èyí, torí ó le. Ìwé ní: „E fo gbogbo kaseeti fiimu naa ti o wa ninu ile yin.“

Ẹ fọ́ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì! Ẹ fọ́ ọ! Ẹ fọ́ ọ yángá! Ẹ gbé òòlù! Ẹ gbé ọmọ ọlọ! Ẹ jẹ́ kó fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè...

Ẹ dúró. Ẹ dúró! Bàbá Àtàndá, ẹmẹ̀sẹ̀ ààfin, ló ń sáré bọ̀ yẹn, ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kó mí. Kí lẹ wí, Bàbá Àtàndá? Ẹ ní Akọ̀wé gbọ́ ohùn mi láti ojú fèrèsé? Ẹ ní kì í ṣe fọ́? Ẹ ní fọ̀ ni?

Ẹ gbọ́ o! Ẹ sọ òòlù sílẹ̀! Kì í ṣe fọ́, fọ̀ ni! Ẹ má fọ́ ọ, ẹ fọ̀ ọ́! Ẹ̀bi mi kọ́, ẹ̀bi àmì ni. Ẹ fọ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì! Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́! Ìyá Ràṣídà ń bi mí pé ṣé ọṣẹ dúdú ni àbí ọṣẹ ìyẹ̀fun. Ìyá Ràṣídà, ìwé ò sọ. Ẹ lo èyí tó bá súnmọ́ yín.

Kí ló tún kù, Bàbá Àtàndá? Ẹ ní kì í ṣe fífọ̀ bí aṣọ? Ẹ ní ìgbátí inú rẹ̀ àti ẹ̀rín inú rẹ̀ ni kí wọ́n fọ̀ kúrò, pé ààfin ni yóò bá kálukú fọ̀ ọ́? Ẹ̀yin náà ẹ ò tètè wí! Ìyá Ràṣídà! Ìyá Ràṣídà o! Ẹ yọ ọ́ lómi! Ó ti rì? Ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má fún un, ẹ sá a bẹ́ẹ̀.

Ìjìyà: ẹni tó bá fọ́ ohun tó yẹ kó fọ̀, wọn yóò fọ ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fọ ohun tó yẹ kó fọ́... mi ò lè ka ìyókù. Ẹ bi Akọ̀wé.

ÀṢẸ KẸRIN!

Ààfin ti ṣe fíìmù náà ní tuntun! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onífíìmù láti ìlú ńlá ni wọ́n gbé wá, àwọn tó máa ń wọ awò dúdú nínú yàrá tí kò níná. Wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ pàtẹ́wọ́!

Mo ní kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ó wà nínú ìwé.

Nínú ti tuntun, kò sẹ́ni tó jí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ló jí ọmọọba! Bẹ́ẹ̀ ni. Ewúrẹ́ ló ki ọmọọba bọ abẹ́ agbádá. Ẹ má bi mí níbi tí ewúrẹ́ ti rí agbádá. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó fọ́ ewúrẹ́ létí, ó kúnlẹ̀ kí ọmọọba, ọmọọba sì gun ẹṣin lọ. Ẹṣin ò sí nílùú yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ẹṣin gùn. Odò wa ti di òkun, ọkọ̀ ojú omi wà lórí rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọba lọ sóko. Igi àgbọn? Igi wo? Ọ̀tún ní kò sígi kankan níbẹ̀ rí. Ó ní àwa la ò mọ orúkọ ìlú wa pè. Ó ní kì í ṣe Ìdí-Àgbọn, Ìdí-Agbọ̀n ni, pé agbọ̀n tí a fi ń kó iṣu ni àwọn baba ńlá wa jókòó tì. Ẹ̀yin ará Ìdí-Agbọ̀n, ẹ kú ìdí apẹ̀rẹ̀ o!

Ẹ̀rín Bàbá Ṣówándé ńkọ́? Wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n fi dùùrù sí i.

Kí n má purọ́ mọ́ ti tuntun, ó dùn-ún wò. Àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yinrin. Ohùn rẹ̀ ń já geere. Èmi pẹ̀lú sunkún níbi tí ewúrẹ́ ti ń tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tuntun, kó ṣe tuntun, owú rẹ̀ ò jẹ wá. Ṣùgbọ́n ṣé torí pé a bí ọmọ tuntun la ṣe ń ti bàbá rẹ̀ sí kànga? Mi ò sọ nǹkan kan. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń yún mi.

Wọ́n ní nítorí àwọn ọmọ wa ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má baà ti inú fíìmù kọ́ ọ pé ẹni tó wà nípò ọlá lè jalè. Àwọn ọmọ ní kì í ṣe inú fíìmù ni àwọn ti kọ́ ọ.

Èmi kọ́ ló sọ ọ́! Àwọn ọmọ ni! Ẹ lọ mú wọn!

Ìjìyà: ẹni tó bá sùn nígbà tí wọ́n ń fi ti tuntun hàn, yóò tún un wò. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, yóò tún un wò. Ẹni tí kò bá sùn tí kò sì rẹ́rìn-ín, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kú.

ÀṢẸ KARÙN-ÚN! Èyí ò gùn.

Gbogbo ohun àtijọ́ yòókù tó bá ń jẹ́rìí takò wá, ààfin yóò bá wa tún un ṣe. Àwòrán ìgbéyàwó tí Olóyè Ọ̀tún ti ní irun funfun lógún ọdún sẹ́yìn, tí irun kan náà sì ti dúdú lónìí, ẹ kó o wá, wọn yóò kùn ún. Ẹni tó bá mọ bí ojú ọ̀nà ọjà ṣe fẹ̀ tó kí ilé àwọn olóyè tó yọ ìdí sí i, kó wá jẹ́ kí wọ́n tún ìrántí rẹ̀ ṣe. Arúgbó tó bá máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú „nígbà tí a wà lọ́mọdé“, wọn yóò fi gààrí dí i lẹ́nu.

Mi ò fi kún un! Mi ò yọ níbẹ̀! Gààrí wà nínú ìwé.

Kángó. Kángó.

ÀṢẸ KẸFÀ. Òun ló kẹ́yìn.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Èyí kan ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wò ó, kásẹ́ẹ̀tì tí gbogbo yín ní, ọmọ ni. Ìyá wọn wà. Ojúlówó fíìmù náà wà nínú agolo ńlá pẹrẹsẹ kan, òun nìkan ló kù láyé, abẹ́ ibùsùn Màmá Àwẹ̀ró ló sì máa ń wà. Ẹ̀yin àlejò, Màmá Àwẹ̀ró ni opó Bàbá Ṣówándé. Màmá Àwẹ̀ró náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ tó fọ́ ọba létí nìyẹn, tó fi di agolo mú yẹn. Ìgbátí yẹn ló mú Bàbá Ṣówándé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló mú un lọ tọrọ rẹ̀ níyàwó. Ó ní obìnrin tó bá lè gbá ọmọọba létí nítorí ewúrẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ láyé.

Bàbá Ṣówándé ti lọ. Ohùn rẹ̀ ò sí níbì kankan mọ́, àfi ẹ̀rín yẹn. Kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Lórí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yín, ó ti ń ha bí ìgbà tí eku ń jẹ páálí. Inú agolo yẹn ló ti mọ́ gaara.

Màmá, ẹ má wò mí báyẹn. Mo rí yín. Ẹ ti wé e mọ́ inú ìró bí ọmọ tuntun. Iṣẹ́ ni mo ń jẹ́.

Bí Akọ̀wé ṣe kọ ọ́ rèé, mo fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan. „Ki Iyaafin Awero Sowande gbe ojulowo fiimu naa wa si gbangba aafin ni irole ojo Eti, ki a fi i pamo...“

Pamọ́. Ẹ gbọ́ ọ. Pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan, ojú méjì. Ìyàwó mi ń fi irúgbìn ẹ̀gúsí pamọ́ sí òkè àjà, nígbà tí òjò bá dé ẹ ó rí i nínú ilẹ̀, ẹ ó rí i nínú ọbẹ̀. Ìpamọ́ nìyẹn. Ẹni tó jí ẹran láwo náà ń fi í pamọ́. Ìyẹn ńkọ́? Ààfin fi ère àwọn ọba àná pamọ́, ikán ló ń bá wọn ṣeré báyìí. Ààfin fi ẹ̀rọ tó ń fa omi pamọ́, kí ó má baà bàjẹ́. Kò bàjẹ́, omi ni a ò rí. Ohun tí a pamọ́ tí ojú ò gbọdọ̀ rí mọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, a kì í pè é ní ìpamọ́. Ìsìnkú là ń pè é. Ṣàráà rẹ̀ nìkan ni a ò tíì ṣe.

Màmá ń bi mí ní ìbéèrè kan. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Ó ní, „Òjélabí ọmọ mi, tí wọ́n bá fi í pamọ́ tán, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n máa wá gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi?“

Mo wo ìwé.

Múráínà, má sunkún sórí oníbàárà, omi ojú ò dára fún orí tí abẹ ti bó.

Ẹ jẹ́ kí n kà á parí, kí n máa lọ ilé. Ìlà kan ló kù. „...ki a fi i pamo loju gbogbo ilu.“

Ó parí. Kángó. Ẹ máa lọ.

Ẹ dúró!

Ẹ má lọ! Ẹ padà! Ẹ jẹ́ kí n tún un kà. „Ki a fi i pamo... loju... gbogbo ilu.“

Níbo ni *kúrò* wà?

Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó mọ̀wé, kó bọ́ síwájú. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ojú má rí i mọ́, kí ló yẹ kí wọ́n kọ? Kí a fi í pamọ́ *kúrò* lójú gbogbo ìlú! Kúrò! Mo yí ìwé sókè. Mo yí i sódì. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo abẹ́ òǹtẹ̀, bóyá ó sá pamọ́ síbẹ̀. Kò sí kúrò! Kúrò ti kúrò!

Mo mọ ohun tí Akọ̀wé ní lọ́kàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni Àṣẹ Kìíní wí? Ẹ bá mi wí i! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ ọba! Ẹyọ kan! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dé agogo bàbá bàbá mi sí mi lórí ni? Àmì ohùn, mo lè fi sí i, àmì kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kúrò? Kúrò odidi! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bó ṣe jáde ni kó wà! Ojúlówó ọ̀rọ̀ ọba, àwa la ó bà á jẹ́?

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ ṣe ń jẹ́ iṣẹ́!

Kángó! Kángó! Kángó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí, Onídìí-Àgbọn, Àgbọn tó ní igi o, kì í ṣe agbọ̀n oníṣu, ló pàṣẹ! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní gbangba ààfin, a ó fi ojúlówó fíìmù *Adé Ò Ṣe É Yá* pamọ́ lójú gbogbo ìlú! Báwo ni wọ́n ṣe ń fi fíìmù pamọ́ lójú ènìyàn? Wọ́n ń fi í hàn ni! Ojú tó bá ti rí i, inú rẹ̀ ló ń gbé. Ẹ ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ààfin! Ẹ lọ gbé ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sára aṣọ wá láti gbọ̀ngàn ilé ìwé! Múráínà, jẹnẹrétọ̀ rẹ, ṣé epo wà nínú rẹ̀? Bu epo sí i!

Gbogbo ìlú, ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo! Kò yọ Ọ̀tún sílẹ̀. Olóyè Ọ̀tún, ọwọ́ iwájú ni ìjókòó yín wà, kí ẹ lè rí igi àgbọn yẹn dáadáa, ẹ̀ka rẹ̀, èso rẹ̀, àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín ò sí. Kò sì yọ ẹni tó ni ìtẹ́ sílẹ̀. Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí, ẹ dé fìlà tó bá fún orí dáadáa.

Kí n tún kíyè sí nǹkan kan o. Ìwé ní kí Màmá Àwẹ̀ró *gbé* agolo náà *wá*. Kò ní kó *fi í sílẹ̀*. Màmá, tí a bá ti wò ó tán, ẹ gbé agolo yín, ẹ máa lọ ilé. Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló fi kún ọ̀rọ̀ ọba yẹn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń dé sí irú wọn lórí. Tí kò bá sì gbọ́, ọwọ́ yín ṣì wà. A mọ bó ṣe ń dún.

Ìjìyà: ẹni tí kò bá wá, kò ní gbọ́ ẹ̀rín Ṣówándé. Kò sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Mi ò fi kún un! Mi ò yọ níbẹ̀! Òjélabí ni mí, agogo tán, ẹnu kù...

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ààfin! Akọ̀wé Jóláoṣó ló ń sáré bọ̀ yẹn! Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́! Gègé ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fì í sókè! Ó ń pariwo! Ẹ dákẹ́, kí a gbọ́ ohun tó ń wí!

Ó ní, „Kúrò! Kúrò! Kúrò!“

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Akọ̀wé Ààfin fúnra rẹ̀ ní kí ẹ kúrò! Kí lẹ tún ń dúró ṣe? Ẹ kúrò nílẹ̀! Ẹ kúrò! Ẹ lọ wá aṣọ funfun!

Kángó!